Ọkọ́ Jésù

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù kọkànlá, 1954

Ẹ̀rín ò jẹ́ kí ọwọ́ mi dúró lórí ìwé yìí.

Ìyá àgbà dé láti Kuta lónìí, wọ́n bá mi nídìí dùùrù. Orin ìkórè tí mo ṣe fún àwọn akọrin wa ni mò ń kọ: "Ọkọ̀ Jésù dé, ẹ wá wọ̀ ọ́." Ohùn bíi ti òyìnbó ni mo fi sí i, ó ń gòkè ṣáá.

Wọ́n tẹ́tí títí. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé Jésù náà ń roko ni?"

"Kí lẹ wí, Ìyá?"

"Ọkọ́ Jésù lo ní ó dé. Ta ló yá a lọ?"

Háà! Ni wọ́n bá gba orin lẹ́nu mi. Ohùn tí wọ́n fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún ni wọ́n fi kọ ọ́, ọkọ̀ sì di ọkọ̀. Màmá sáré wọlé pẹ̀lú ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń gbè é. Ohùn ìgbà èwe tiwọn náà ni.

Bẹ́ẹ̀ gan-an la ó ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi! Ìyá àgbà, tí wọn ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, ní àwọn máa jókòó níwájú. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ di onígbàgbọ́ ni.

"Rárá o. Mo fẹ́ ṣọ́ yín ni, kí ẹ má tún gbé ọkọ́ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́."