Aṣọ Tí Mo Fi Bo Àpótí Iná

Meadowvale, lẹ́bàá Toronto,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún ààwẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Ṣíwọlá,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ẹ̀yìn odi níbí. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé ààwẹ̀ kò ni yín lára jù? Ara tèmi le, alhamdulillahi, àmọ́ àyà mi ṣì ń já láti ọjọ́ Ajé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé dípò kí n pè yín. Tí mo bá gbọ́ ohùn yín, ẹkún ni màá sun.

Ẹ rántí aṣọ funfun tí ẹ fọwọ́ hun, tí òwú ń já wálẹ̀ létí rẹ̀, tí ẹ ní kí n fi bo tẹlifíṣọ̀n Salahudeen ọmọ mi. Mo dé ibí, tẹlifíṣọ̀n wọn lẹ̀ mọ́ ògiri bíi kàlẹ́ńdà, kò sí orí tí mo fẹ́ da aṣọ bò. Ni mo bá ń wá nǹkan mìíràn tí màá fi bò. Àṣé wàhálà ni mò ń wá.

Faridah, ìyàwó Salahudeen, ń ṣe búrẹ́dì tà nínú gáréèjì wọn. Àlòkù ni ààrò tó ń lò, ibi tí wọ́n fi ń darí iná rẹ̀ sì ti kú nígbà tó rà á. Salahudeen àti Kúnmi, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó wá kàwé lọ́dún tó kọjá tó sì ń gbé ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn, ló fọwọ́ ara wọn to àpótí irin kan tó ń darí rẹ̀. Kúnmi fi hàn mí. Ó ní nǹkan kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń tan iná ààrò tó sì ń pa á, pé òun fúnra rẹ̀ a máa gbóná, ni wọ́n ṣe dè é mọ́ irin eléyín bí ìyarun kí ooru lè rọ́nà lọ. Wọ́n lu ihò sísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tútù máa wọlé, wọ́n so fáànù sókè kó máa fa èyí tó gbóná jáde. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, bí ẹni tó yé.

Àǹtí mi, òtútù ibí ń gé ni létí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, Faridah ti to búrẹ́dì sínú ààrò, ọgọ́ta ló fẹ́ gbé lọ sí mọ́ṣáláṣí fún ìṣínu, ó sì wọlé lọ wẹ̀. Mo wo àpótí yẹn nínú gáréèjì tó tutù rinrin, ìyẹ̀fun bò ó lórí, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní ibo ni ooru ti fẹ́ wá bá nǹkan ní ìlú yìí? Mo nù ún, mo sì fi aṣọ yín bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bá a mu bí ẹni pé ẹ wọ̀n ọ́n. Mo lọ kírun Àìlà.

Mi ò tíì dìde lórí ẹní tí òórùn kan fi gbá mi nímú. Mo sáré ṣílẹ̀kùn gáréèjì. Yéè! Èéfín ń tú lára àpótí, búrẹ́dì ti dúdú bí èédú, ààrò sì ń gbóná sí i, kò fẹ́ pa. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ilé ibí o, Àǹtí mi! Mo fa aṣọ yẹn, ó ya létí, mo figbe bọnu. Faridah sáré wá, ó pa iná gbogbo ilé. Kí ó tó yíjú sí mi, mo ti ká aṣọ náà sínú báàgì mi. Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ ohun tó gbé mi ṣe é.

Nígbà tí Salahudeen dé láti ibi iṣẹ́ ní Vaughan, Kúnmi tú àpótí, ó tú fáànù, ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí wa díẹ̀, ó ti nǹkan bọ àpò. Mo rò pé nọ́ọ̀tì fáànù ni. Salahudeen béèrè pé, “Ta ló so fáànù yìí?” Ọmọ náà dáhùn pé, “Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Sorry, sir.” Ẹ̀yin náà mọ ọmọ mi tí inú bá ń bí i. “Kúnmi, fire! Ìyá mi wà nínú ilé! Mo ti bá ẹ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa. Mi ò lè dúró fún ẹ mọ́.” Kúnmi káwọ́ sẹ́yìn, ó dorí kodò. Mo wà níbẹ̀. Ẹnu tí mo fi ń gbààwẹ̀ ni mo fi dákẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e sínú. Lánàá, níbi ìṣínu, mo gbé dàbínù sílẹ̀. Mo dìde, mo gbé báàgì wá, mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì níwájú gbogbo wọn, mo jẹ́wọ́. Salahudeen káwọ́ lérí. Kúnmi tọwọ́ bọ àpò, ó mú òwú funfun kan jáde tó ti jóná lápá kan, ó gbé e sí ibi tí aṣọ ti ya. Ó bá a mu wẹ́kú. Òwú yín ló lọ́ mọ́ fáànù tí kò fi lè yí, tí nǹkan kékeré inú àpótí fi gbóná jù, tí kò lè pa iná ààrò mọ́.

Ó ní, “Mo ti rí i lọ́jọ́ yẹn, Mà. Ìyá tèmi náà máa ń bo fíríìjì. Mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n pariwo mọ́ yín lójú mi.”

Mo yíjú sí Salahudeen pé kó tètè lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ó wolẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé kó má retí Kúnmi mọ́, pé wọ́n sì ti mú ẹlòmíràn ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ó bẹ Kúnmi títí, ó ní tí àyè mìíràn bá ṣí, orúkọ rẹ̀ ni òun máa kọ́kọ́ dá. Ta ló mọ ìgbà tíyẹn máa jẹ́? Ká ní mo lanu lálẹ́ ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ ọmọ yẹn ì bá ṣì wà. Kúnmi ní kí n jọ̀ọ́, kí n bu ògì kún ife òun. Mo bù ú títí ife fi kún dé etí.

Àǹtí mi, tí ẹ bá ń ṣàdúà ní òru ààwẹ̀ tó kù, ẹ dárúkọ Kúnmi kí ẹ tó dárúkọ mi. Kí Ọlọ́run fún un ní iṣẹ́ tó ju èyí tí mo mú kó pàdánù lọ. Kí Ó fún yín ní ẹsẹ̀ tí ẹ máa fi rìn wá pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, kí Ó sì jẹ́ ká ṣọdún ní ìdẹ̀ra.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
Kúbúrátù.

Mo tún rántí: Wọ́n ti to àpótí náà padà láàárọ̀ yìí. Kúnmi fi asẹ́ irin bo ojú fáànù, ó sì lẹ ìwé kan mọ́ iwájú rẹ̀, ó fi Yorùbá kọ ọ́ gàdàgbà: “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má bò mí. Ooru ń mú mi.” Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún.