Ẹ̀pà tí mo pò mọ́ ọbẹ̀ Ràbí

Mo pa ènìyàn. Ẹ má tíì ju fóònù yín sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, torí ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín, kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí sì tó dé ni mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí màá ṣe. Arúgbó ìlú Kambolé ni mí. Bí ẹ bá bèèrè bàbá onírọ́, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn á mú yín dé ẹnu ọ̀nà mi. Èmi ni mo sọ fún wọn pé mo gun erinmi kọjá odò Mono, tí mo sọ̀kalẹ̀ tán tó ní kí n bá òun kí àwọn ará ilé... Irọ́ nìyẹn. Èyí tí ẹ fẹ́ kà yìí, ó wù mí kó jẹ́ irọ́.

Nígbà tí Faransé ṣì ń jọba lé wa lórí ni. Wọ́n rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Sokodé, mo lo ọdún mẹ́ta, ìranù mi pọ̀ jù, wọ́n lé mi, mo bá padà wálé pẹ̀lú Faransé tí kò kún igbá, àmọ́ tí mo ń sọ bí ẹni tí wọ́n bí sí Paris. Nínú agbo ilé wa, èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ. Tísà wa ti sọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ èèwọ̀, mo sì gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀lú bí ẹni gbé ìbọn. Ẹ̀gbọ́n mi Sàlámì ní ìyàwó méjì. Asáná ni ìyáálé, Ràbí ni tuntun, láti ìhà Dahomey ni wọ́n ti gbé e wá. Ọjọ́ tí Ràbí wọlé ló ti sọ pé òun kì í jẹ ẹ̀pà, pé èèwọ̀ òun ni, bí òun bá tọ́ ọ wò, ara òun á dìde sí òun. Asáná kò bá a jà. Ìkòkò kékeré kan ló yà sọ́tọ̀ fún un, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ní fáàrí ni. Mo ní màá fi han gbogbo ilé pé èèwọ̀ kò lè pa eèrà.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ ebè iṣu ẹ̀gbọ́n mi ni mo ṣe é. Ọ̀sán ni, a ti oko dé, àgbàlá kún. Asáná lọ fún àwọn àlejò lómi, mo bá da ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà yíyan tí mo ti gún sínú ọbẹ̀ ilá inú ìkòkò kékeré yẹn, mo rò ó pọ̀. Ohun tí mo pète ni pé bí Ràbí bá jẹun tán, màá dìde, màá kéde rẹ̀, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Òkèlè kẹta... ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọrùn. Ètè rẹ̀ wú. Ojú rẹ̀ wú títí ó fi dí. Ara rẹ̀ sú bí ẹni tí oyin ta, ọ̀fun rẹ̀ ń súfèé. Ẹnìkan da epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹnìkan sáré gbé hántú wá lọ́dọ̀ àlùfáà, omi tí wọ́n fi fọ wàláà yẹn, kò lè gbé e mì. Asáná gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń ké: "Ìyàwó mi, kí lo jẹ? Kí lo jẹ?" Mo dúró níbẹ̀, ìyẹ̀fun ẹ̀pà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

Infirmier kan wà nílùú lọ́sẹ̀ yẹn, tó wá gún àwọn ènìyàn lábẹ́rẹ́ àjẹsára, dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ etíkun ni, kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ èdè Tem. Wọ́n sáré pè é, wọ́n sì tì mí síwájú pé kí n máa túmọ̀. Ó bi mí ohun tó jẹ. Ó bi mí bóyá oúnjẹ kan wà tí ara rẹ̀ ń kọ̀. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ́ ṣì wà léjìká rẹ̀. Mo ní iyán àti ilá ni. Ó tún bi mí. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ti ṣí àpótí abẹ́rẹ́ rẹ̀, mo rí i, ó sì pa á dé, ó ní kí a máa gbé e lọ sí Sokodé. Èmi ni mo di Ràbí mú nínú ọkọ̀ dókítà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé Tchamba, ìfé ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹnu mi tó là: arachide, monsieur, ẹ̀pà ni... Ó dá ọkọ̀ dúró, ó gún un ní itan. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí ọ̀nà, ó bi mí ní Faransé pé kí ló dé tí n kò sọ ọ́ nígbà tí a wà nílé.

A gbé òkú padà. Gbogbo agbo ilé yí wa ká, wọ́n ní kí ni dókítà wí. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò mọ ohun tí mo ń sọ. Mo ní: ó ní májèlé ni.

Ojú gbogbo ènìyàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ìkòkò. Asáná fi Kùránì búra, wọn ò gbọ́. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí wọ́n fi kó ẹrù rẹ̀ síta, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà ìlú Bago lọ.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin ọmọ mi tó ń tọ́jú aláìsàn ní Sokodé ń kọ́ àwọn obìnrin ilé wa, pé bí ojú ènìyàn bá wú lẹ́yìn oúnjẹ, allergie ni, pé ara rẹ̀ ló kọ oúnjẹ náà, kí wọ́n má da nǹkankan sí i lẹ́nu, kí wọ́n sáré gbé e dé ibi tí abẹ́rẹ́ wà, kí wọ́n sì sọ gbogbo ohun tó jẹ. Mo dìde kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí atẹ́gùn bá gba ihò ilẹ̀kùn, ọ̀fun Ràbí ni. Bí búùtà bá ń hó, òun ni. Ṣé orí mi ló ń dàrú ni, àbí òun náà ló ń pè mí?

Ní báyìí, ọmọkùnrin ọmọ mi fẹ́ gbé ọmọ Bago kan níyàwó. Àwọn àgbà ilé wa tọ pinpin ìdílé ọmọ náà, àṣé àtọmọdọ́mọ Asáná ni, látọ̀dọ̀ ọkọ tó fẹ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní a kì í fẹ́yàwó nílé onímájèlé. Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Asáná ṣì wà láàyè, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó ránṣẹ́ pé bí wọn ò bá fẹ́ ọmọ òun, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣáà má fi ìkòkò òun ṣe ìdí. Mo jẹ́wọ́ fún wọn. Ọlọ́run gbọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú ìpàdé! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ti ń fi irọ́ wá ìyàwó fún ọmọ ọmọ yín!"

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n fi Kùránì búra, nígbà tí ti Asáná gan-an kò jẹ́ nǹkankan lójú wọn? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá a ní Bago, kí n sọ fún un lójú àwọn ọmọ rẹ̀? Ẹ má sọ fún mi pé Ọlọ́run á dárí jì mí, ìyẹn wà láàárín èmi àti Òun. Ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ sí onírọ́, báwo ló ṣe ń sọ òótọ́ kan ṣoṣo kí wọ́n tó sin ín?