Orí Abẹ́rẹ́ Tí Ìyá Rẹ Fi Ń Kọrin

Sí ọmọ mi olórí kunkun tó jọ mí,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọkọ rẹ ṣì ń hanrun bí ẹni tó ń la igi? Ọba òkè kò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí yóò gbé wa dìde lójijì.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé èmi bàbá rẹ, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, ni mo tú giramafóònù palẹ̀ tí mo rí àìsàn rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì ń pàtẹ́wọ́. Ó dáa, àtùpà ni mo dì mú. Olójú-mẹ́rin, atúnrédíòṣe ìkòríta, ló tú u. Ẹnì kan ṣoṣo ló pàtẹ́wọ́, ẹ̀fọn ló ń pa.

Orí abẹ́rẹ́ ló bàjẹ́, kinní dúdú tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tí a máa ń gbé lé àwo orin. Wáyà inú rẹ̀, tó tín bí irun, ti já. Olójú-mẹ́rin ní òun lè so ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n, bí abẹ́rẹ́ bá sì wọ́, yóò ha àwo bí ẹni ha ìdí ìkòkò. O mọ àwo tí mò ń wí, èyí tí ìyá rẹ bá ẹgbẹ́ akọrin kọ lọ́dún tí a bí ọ. Ọdún kẹfà rèé tó ti lọ sinmi, àwo ọ̀hún nìkan ni ohùn rẹ̀ kù sí. Ó ní kí n kúkú ra orí tuntun.

Mo ní, Olójú-mẹ́rin, láti ọgbọ̀n ọdún ni ohùn ìyàwó mi ti ń gba inú orí yìí kọjá, ọ̀nà tí a ń tọ̀ lójoojúmọ́ kì í hu koríko. Orí tuntun mọ̀ ọ́n rí? Ó rẹ́rìn-ín títí jígí ojú rẹ̀ fi bọ́. Ó fi àwòrán orí tuntun hàn mí nínú fóònù, mo gbé e sétí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, Bàbá, àwòrán kì í kọrin. Mo ní ta ní ń ra ẹyẹ tí kò gbọ́ igbe rẹ̀?

A ṣáà kọ fọ́ọ̀mù inú fóònù. Wọ́n ní ta ni yóò gba ẹrù, mo ní kó kọ orúkọ ìyá rẹ, òun kúkú ni olórin. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan pè láti ilé ìtajà, ó fẹ́ bá màmá sọ̀rọ̀. Mo ní ó rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè fi ẹrù ránṣẹ́, wọn á gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní òun máa pè padà.

Lọ́sàn-án, mo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ náà, oòrùn á gba ojú fèrèsé wọlé, màá fi ìka kan yí àwo náà jẹ́jẹ́, eruku á máa jó nínú ìmọ́lẹ̀. Á dà bíi pé ìyá rẹ wà nínú yàrá, tó ń wá gèlè rẹ̀, tó ń kùn lábẹ́ imú. N kì í dìde lọ wò. Bí mo bá dìde, yàrá lásán ni màá bá.

Nítorí náà, bá mi sọ fún wọn pé èmi ni màá gba ẹrù. Fi owó orí tuntun ránṣẹ́, kó sì yá, àti owó bàtà díẹ̀. Bàtà kò sí nínú fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wà nílé. Ẹni rere ni wàá máa bá pàdé, ayọ̀ kò ní jáde nílé rẹ.

Èmi ni, bàbá rẹ.

Mo mọ̀ pé wàá bèèrè ohun tó ba orí abẹ́rẹ́ náà jẹ́. Láti bí oṣù mẹ́ta ni ohùn ìyá rẹ ti ń jìnnà sí mi lórí àwo yẹn. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo po omi ọṣẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ orí abẹ́rẹ́ náà títí wáyà rẹ̀ fi já. Olójú-mẹ́rin ní kò dọ̀tí rárá. Etí mi ni.