Ìhanrun Babátúndé Ti Dákẹ́

Yèyé mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọyẹ́ tó ń la ni létè. Mo kí Bàbá, mo kí àwọn àbúrò mi. Mo kí Bàbá Ìdòwú, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ní pàtàkì, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n jù.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Ó dùn mí láti túfọ̀ fún gbogbo ẹbí ní Ifẹ̀wàrà pé ìhanrun Babátúndé ọmọ mi ti dákẹ́. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló kọjá lọ, nílé ìwòsàn níbí ní Òṣogbo. Ọmọ fúnra rẹ̀ wà, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín.

Láti ọjọ́ ìkómọ ni Bàbá Ìdòwú ti ń sọ pé baba wọn, bàbá-ńlá mi, ló padà wá, pé àmì rẹ̀ ni ìhanrun yẹn. Nígbà tí mo ní imú ọmọ ló dí, wọ́n bi mí bóyá ilé-ẹ̀kọ́ políì tí mo lọ ló kọ́ mi láti lé baba wọn lọ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní ọ̀bẹ dókítà á ba ojú ọmọ jẹ́, kò ní jọ baba wọn mọ́.

Yèyé, ẹ ò bá wa sùn nínú yàrá kan ṣoṣo tí a ń gbé ní Òkè-Fìà níbí. Ọmọ ń fẹnu mí bí ẹja orí ilẹ̀, ọyún ń ṣàn nímú rẹ̀, orí ń fọ́ ọ. Bí bàbá-ńlá mi bá wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àwọn náà ò rí èémí mí.

Dókítà ṣàlàyé pé ihò inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kún fún ọyún. Ó ní tó bá jẹ́ àgbà, àwọn lè la abẹ́ ètè òkè, kí àwọn dá egungun lu. Ṣùgbọ́n eyín tí ọmọdé á fi dàgbà ṣì fara pamọ́ síbẹ̀, ọ̀bẹ lè bà á jẹ́. Nítorí náà, wọ́n fún un lóògùn oorun, wọ́n gba ihò imú ki ọ̀pá tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́, wọ́n sì fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọyún náà jáde. Kò sí àpá kankan lójú rẹ̀. Imú bàbá-ńlá mi, tó gba ìdajì ojú, ṣì wà níbi tó wà.

N kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá tún kún, màá tún gbé e lọ. Ẹni tí ìhanrun bá wù nínú ẹbí, kó fẹ̀yìn lélẹ̀ kó máa han tirẹ̀.

Àmọ́ yàrá ti dákẹ́ jù. Mo máa ń tẹ́tí lé e lẹ́nu bóyá ó ń mí. Ó ń mí, Yèyé, ó pa ẹnu dé.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, kòkó yín á so wọ̀ǹtì-wọnti. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Délé.

ÌKÉDE LÁTI ỌWỌ́ ÌYÁ BABÁTÚNDÉ: A fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo ẹbí pé ẹni tó kọ lẹ́tà yìí dákú nígbà tó rí ọ̀pá náà, kí wọ́n tó gbé ọmọ wọlé rárá. Babátúndé ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ń ṣìpẹ̀ fún un pé kò ní dùn ún.