Màmá Òfin, Ẹni Tó Pe Àjọ Owó Ìbò Lẹ́jọ́

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará àdúgbò, àti ẹ̀yin agbẹjọ́rò ẹlẹgbẹ́ màmá wa tí ẹ wá bá wa ṣọ̀fọ̀ lónìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ilé wa ṣófo. Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ fún yín nípa ẹni tó kún inú rẹ̀.

Ọdún 1948 ni a bí màmá wa, nínú yàrá òkè tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Bàbá wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá wọn jẹ́ agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìjọba. Màmá ni àkọ́bí. Wọ́n ti gbọ́njú dáadáa kí àbúrò wọn ọkùnrin kan ṣoṣo tó dé. Nígbà tí ìyá àti bàbá tẹ̀lé ara wọn lọ sọ́run, màmá ló di ìyá àti bàbá fún un, wọ́n sì rán an níwèé títí dé yunifásítì.

Wọ́n gboyè agbẹjọ́rò ní 1973. Ní 1975 wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, awọnlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. A kò ní purọ́ lójú òkú: màmá wa kì í ṣe alásè. Bí wọ́n bá ti jókòó ti ìwé ẹjọ́, ohun tó wà lórí iná ti jóná nìyẹn. Bàbá wa á ṣí ìdérí, wọ́n á wò ó títí, wọ́n á ní, "Wọ́n ti dá ẹjọ́ ìkòkò yìí. Ó jẹ̀bi."

Láti 1979 ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní àjọ tí òfin yàn láti máa ṣọ́ owó tí àwọn olóṣèlú ń ná sórí ìbò. Nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀sùn wò. Wọ́n á parí iṣẹ́, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá lókè, kò sì ní sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ní 1990 wọ́n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ajá tí a ní kó ṣọ́lé tí kò gbó, olè ló ń bá ṣọ́nà. Wọ́n gba ọ́fíìsì kékeré kan lókè ilé ìtajà oògùn, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ tiwọn níbẹ̀.

Ní 2003, ọkùnrin kan jáde fún ìbò. Gbogbo ògiri ló kún fún àwòrán rẹ̀, rédíò kò sì sinmi. Ẹgbẹ́ kan tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ló ń sanwó, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ní kí ó fi ara rẹ̀ hàn. Màmá kọ ẹ̀sùn ẹgbẹ́ náà ránṣẹ́ sí àjọ tí wọ́n ti bá ṣiṣẹ́ rí. Àjọ dákẹ́. Òfin sì sọ pé bí àjọ bá káwọ́ gbera, olùfisùn lè pè é lẹ́jọ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àbúrò màmá ni alukoro ọkùnrin náà. Ó wá sí pálọ̀ wa, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi èyí sílẹ̀ nítorí tèmi."

Màmá ní, "Dìde, àbúrò mi. Bí mo bá fi í sílẹ̀ nítorí tìẹ, kí ni kí n wí fún ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n?"

Ó dìde, ó lọ. Ó pẹ́ gan-an kí ó tó tún tẹ pálọ̀ náà.

Màmá pe àjọ lẹ́jọ́. Adájọ́ àkọ́kọ́ da ẹjọ́ náà nù, ó bi màmá pé kí ló kàn wọ́n nínú owó olówó. Wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àárín ìyẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdájọ́, ní 2006, màmá fẹ́ jókòó tì wọ́n ní ilé ìwòsàn. Bàbá wa fi ọwọ́ kan tó ṣì ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu tì wọ́n díẹ̀. "Lọ," ni wọ́n wí. "Wá sọ fún mi bó ṣe lọ."

Àwọn adájọ́ mẹ́ta sọ pé olùdìbò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹni tó ń sanwó ohùn tí òun ń gbọ́. Wọ́n pàṣẹ pé kí àjọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Màmá sáré dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹ̀wù agbẹjọ́rò lọ́rùn. Bàbá wa ti lọ; àwọn nọ́ọ̀sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Síbẹ̀, màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ bó ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwa ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ń gbọ́.

Àjọ kò tẹ̀lé àṣẹ náà. Nígbàkígbà tí wọ́n bá pe ìpàdé, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ kì í pé. Màmá padà sí kóòtù. Ìjókòó agbẹjọ́rò àjọ ṣófo. Nígbà náà ni ilé ẹjọ́ yọ̀ǹda fún wọn láti fúnra wọn pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́. Ní 2011 ni a ka orúkọ àwọn olówó ìkọ̀kọ̀ náà sétí gbogbo ènìyàn: àwọn agbaṣẹ́ṣe tí olóṣèlú náà ti gbé iṣẹ́ títì fún. Ọkùnrin náà ti wọlé ìbò, ó ti lo sáà méjì, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Oníròyìn kan bi màmá bóyá inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Ó pẹ́ jù."

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀tọ́ olùdìbò nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ náà ti sọ wọ́n ní Màmá Òfin. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá akọrin máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rọra kọrin.

Nígbà tí ojú màmá kò ríran dáadáa mọ́, àbúrò wọn kan ilẹ̀kùn wa. Ìwé ìròyìn wà lábíyá rẹ̀. Màmá ní, "Ta nìyẹn?" Ó ní, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi." Wọ́n ní kí ó fa àga súnmọ́ wọn, kí ó kà á sókè. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí kò wá. Wọn kò dárúkọ ẹjọ́ náà rí.

Màmá sùn nínú Olúwa lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù yìí. Wọ́n fi àbúrò wọn sílẹ̀ sáyé, àti àwa ọmọ mẹ́ta, tí ọ̀kan nínú wa jẹ́ agbẹjọ́rò, ọmọ-ọmọ méje àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí kò tíì mọ̀ wá.

Màmá, ẹ ti rojọ́ tó. Adájọ́ tí kì í sún ọjọ́ ẹjọ́ síwájú ló pè yín. Ẹ máa sinmi. Ẹ bá wa kí bàbá.