Nọ́ńbà Ìpínrọ̀ Tó Dá Ọ̀rẹ́ Mi Dúró Lẹ́nu Géètì

Yàrá Kọkàndínlógún, Àjà Kẹta,
Ilé Ìtọ́jú Àwọn Àgbà,
Òpópónà Kejì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, 2026.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alákòóso Ilé Ìtọ́jú Àwọn Àgbà,
Ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀,
Òpópónà Karùn-ún.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN ÌTỌ́KASÍ INÚ ÌPÍNRỌ̀ 12 ÌWÉ ÌLÀNÀ ILÉ ṢE, KÍ ÀLEJÒ MI LÈ WỌLÉ KÍ ỌJỌ́ KẸTÀLÉLÓGÚN OṢÙ YÌÍ TÓ PÉ

1. Èmi ni olùgbé yàrá kọkàndínlógún ní àjà kẹta. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe atẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè mí ní Ìyá Atẹ̀wé. Láti ìgbà tí egungun ìbàdí mi ti ṣẹ́ ní ọdún tó kọjá, n kò lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mọ́. Wọ́n gbìyànjú láti gbé mi sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, dókítà sì ní wọn kò gbọdọ̀ dán irú ẹ̀ wò mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí mi, àfi kó gòkè wá.

2. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń wá kí mi ní gbogbo Ọjọ́rú, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni tábìlì èmi àti òun fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kọ́mà ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, torí kò sí kọ́mà tó lè sá mọ́ ọn lójú. Láti ìgbà tí ìwé ìlànà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, Ọjọ́rú mẹ́fà ló ti wá, Ọjọ́rú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n sì dá a padà lẹ́nu géètì.

3. Ohun tó fà á nìyí. Nínú ìwé ìlànà àtijọ́, ìpínrọ̀ 11 sọ pé kò sí àlejò tó gbọdọ̀ wọ yàrá olùgbé, àyàfi àwọn tí a dárúkọ ní ìpínrọ̀ 6. Àwọn tí olùgbé fúnra rẹ̀ kọ orúkọ wọn sínú fọ́ọ̀mù ni ìpínrọ̀ 6 ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ìgbìmọ̀ wá fi ìpínrọ̀ tuntun kan kún ìwé náà, ó di ìpínrọ̀ 3, ó sì ka kẹ́tùlù oníná léèwọ̀ nínú yàrá. N kò bá yín jà lórí ìyẹn. Ìyá tó wà ní yàrá kẹjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sun kọ́tìnì. Ṣùgbọ́n gbogbo ìpínrọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ló sún lọ sẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá di méjìlá, mẹ́fà di méje. Nínú ìpínrọ̀ 12 yìí, wọ́n ṣì kọ ọ́ pé kí a lọ wo ìpínrọ̀ 6. Ìpínrọ̀ 6 ti òde òní sì ni èyí tó ní kí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ omi àti iná ṣe máa fi káàdì kọ́rùn.

4. Nítorí náà, bí a bá ka ìwé yín bó ṣe wà, àwọn tó ń tún omi àti iná ṣe nìkan ló lè wá kí mi. Kì í ṣe àwàdà ni mo ń ṣe. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ka ìwé náà sí ọ̀rẹ́ mi létí, ó fi ìka tọ́ka sí i, ó sì ní kí ó má bínú. Àwọn olùgbé yòókù máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó ti àlejò wọn ní pálọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì kàn wọ́n. Àwa mẹ́ta la wà lójú kan ní àjà kẹta: ọ̀kan ń sùn láti àárọ̀ dalẹ́, bàbá tó wà ní yàrá kejìdínlógún kò sì tíì béèrè ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tó ti dé. Èmi nìkan ni ìpínrọ̀ náà ń jẹ níyà. Mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan fún Ìgbìmọ̀. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe wá yẹ yàrá mi wò lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Kẹsàn-án. Ó béèrè ìbàdí mi, ó jókòó díẹ̀, ó sọ fún mi bí eyín ṣe ń ro ọmọ rẹ̀ obìnrin. Nígbà tó lọ, mo fi ọwọ́ ara mi tú ẹnu ẹ̀rọ omi náà kí ó lè máa jò, kí ó lè padà wá. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kan, ó dí i. Mo tún tú u. Mo mọ̀ pé kò tọ́, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

5. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí irú àṣìṣe yìí ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ìtọ́kasí ni ọ̀rọ̀ tó ń rán òǹkàwé lọ sí ibòmíràn nínú ìwé kan náà. Ọ̀nà méjì la lè gbà ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà kìíní ni pé kí atẹ̀wé fi ìka tẹ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Bí ìpínrọ̀ bá ṣí kúrò, òun á jókòó síbi tí a fi í sí. Ọ̀nà kejì ni pé kí atẹ̀wé lọ sí ibi tí wọ́n ń fi ìtọ́kasí sí nínú kọ̀ǹpútà, kí ó yan àkọlé ìpínrọ̀ tó fẹ́ nínú àwọn tí wọ́n tò síbẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sì lọ mú nọ́ńbà rẹ̀ wá. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ á ní àwọ̀ eérú. Ìpínrọ̀ ìbáà gòkè, ìbáà sọ̀kalẹ̀, nọ́ńbà á máa tẹ̀ lé e, bí atẹ̀wé bá ṣáà ti rántí láti yan gbogbo ìwé náà, kí ó sì tẹ bọ́tìnì F9 kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Akọ̀wé ilé yìí gba ọ̀nà kìíní. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. (Bíírò nìkan ló wà lọ́wọ́ èmi náà, nítorí náà ọwọ́ ni mo fi kọ gbogbo nọ́ńbà inú lẹ́tà yìí. Mo ti yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mẹta.)

6. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí lẹ́tà yìí bá akọ̀wé náà wí. Èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọdún kẹtàlélógún tí mo dé ọ́fíìsì, ọ̀gá àgbà ní kí n tẹ ìwé òfin iṣẹ́ kan, ojú ewé igba ó lé méjìlá. Ìka ni mo fi tẹ gbogbo ìtọ́kasí inú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, wọ́n yọ odindi orí kejì kúrò, wọ́n sì ń retí ìwé náà ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń sunkún. Kọ́mà rí mi. Ó fa àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bọ́ bàtà, ó ní ó yá. Òun ló kọ́ mi ní ọ̀nà kejì tí mo sọ ní ìpínrọ̀ 5. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú la fi ṣe é. Ó ń kà á sí mi létí, èmi ń fi ìtọ́kasí gidi rọ́pò wọn, igba ó lé mọ́kànlélógójì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Títí a fi fẹ̀yìn tì, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á kàn wò mí láàrin ìpàdé, á ní kí n lọ wo ìpínrọ̀ báyìí báyìí, èmi á sì máa fi ẹnu pa ẹ̀rín mọ́.

7. Mo ti gbé igbésẹ̀ tó yẹ. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án, mo kọ̀wé sí alábòójútó ilé. Ó gòkè wá, ó gbọ́ mi yé, ó sì gbà pé àṣìṣe ni. Ó ní Ìgbìmọ̀ ló fọwọ́ sí ìwé náà, òun kò lè yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, kí n kọ ẹ̀sùn. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ìwé ìlànà sọ pé ọ̀nà tí a là sílẹ̀ ní ìpínrọ̀ 15 ni gbogbo ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ gbà. Ìpínrọ̀ ẹ̀sùn ti di 16. Aṣọ fífọ̀ ló wà ní ìpínrọ̀ 15 báyìí. Bí lẹ́tà mi ṣe dé ọwọ́ ìyá alágbàfọ̀ nìyẹn. Ìyá náà gun àtẹ̀gùn wá bá mi pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní òun kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dun òun gan-an, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tí òun lè ṣe sí i. Ó wá béèrè bóyá mo ní aṣọ ìbusùn tó dọ̀tí. Mo kó o fún un, kí wàhálà rẹ̀ má bàa já sásán.

8. Lẹ́yìn èyí, alábòójútó pe akọ̀wé Ìgbìmọ̀ lórí fóònù, ó sì gba àṣẹ pé kí wọ́n tún àwọn nọ́ńbà náà ṣe. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, akọ̀wé ilé fi ìtọ́kasí gidi sí ìpínrọ̀ 12, tó lọ tààrà sí ìpínrọ̀ 7. Mo yìn ín fún un. Àmọ́ lẹ́yìn tó ti ṣe é tán, àkọlé ìpínrọ̀ 7 kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó pa á rẹ́, ó sì tẹ òmíràn dípò rẹ̀. Kò mọ̀ pé àkọlé tí òun pa rẹ́ yẹn ni ìtọ́kasí náà so mọ́. Nígbà tí ìwé jáde nínú ẹ̀rọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kò sí àlejò tó gbọdọ̀ wọ yàrá olùgbé, àyàfi àwọn tí a dárúkọ ní "Àṣìṣe! A kò rí ibi tí a tọ́ka sí." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ wá dá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe náà padà. Alábòójútó tún pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, kò sí àtúnṣe mọ́ títí Ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí.

9. Fèrèsé mi kọjú sí géètì. Mo máa ń rí ọ̀rẹ́ mi bó bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Á bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, á fi ọwọ́ sẹ́yìn etí kí ó lè gbọ́ èsì, á mi orí. Lẹ́yìn náà á jókòó sórí òkúta ẹ̀gbẹ́ títì, á dúró de bọ́ọ̀sì tó ń padà, ó sì máa ń tó ogójì ìṣẹ́jú. Mo máa ń juwọ́ sí i. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti bí ọdún kan sẹ́yìn, kò lè rí ibi tí mo wà. Mo pè é sókè lẹ́ẹ̀kan. Bàbá yàrá kejìdínlógún ló dáhùn, ó rò pé òun ni ẹnì kan ń pè. Ẹ lè ní kí n fi fóònù bá a sọ̀rọ̀: etí rẹ̀ kò gbọ́ ti fóònù mọ́. Ẹ lè ní kí n kọ̀wé sí i: kò lè kà á. Àfi kí ó jókòó tì mí, kí n sì máa sọ̀rọ̀ sí i lẹ́bàá etí.

10. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ó rán ẹ̀ṣọ́ sí mi pé ọmọ òun ń bọ̀ wá mú òun lọ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí. Ìlú tí ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ tó ìrìn ọjọ́ méjì. Àwa méjèèjì ti lé ní ọgọ́rin ọdún, n kò sì ní tan ara mi jẹ: bó bá lọ, a kò tún ní fojú kan ara wa mọ́. Bí Ìgbìmọ̀ bá jókòó ní ọgbọ̀n ọjọ́, tí wọ́n sì tún ìwé náà ṣe dáadáa, kò ní wúlò fún mi.

11. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí.

(a) Kí akọ̀wé ilé lọ sí ìpínrọ̀ 7, kí ó rí i pé kọ̀ǹpútà ka àkọlé rẹ̀ sí àkọlé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Kí ó pa àṣìṣe inú ìpínrọ̀ 12 rẹ́, kí ó fi ìtọ́kasí tuntun síbẹ̀. Kí ó ṣe bákan náà fún ìpínrọ̀ ẹ̀sùn ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, kí ìyá alágbàfọ̀ lè sinmi. Kí ó yan gbogbo rẹ̀, kí ó tẹ F9, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ kà á kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

(b) Bí kò bá dá a lójú, kí ó gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi lókè. Ìbàdí ló ṣẹ́, ọwọ́ mi kò ṣe nǹkan kan.

(d) Bí méjèèjì kò bá ṣeé ṣe, kí Alága kọ ìlà kan péré sí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, kí ó sì fọwọ́ sí i.

12. Kí Ìgbìmọ̀ má ṣe bẹ̀rù pé èrò ni yóò ya wọlé bí wọ́n bá gbà fún mi. Ẹ ní kí wọ́n fa fọ́ọ̀mù mi yọ nínú fáìlì. Ìlà mẹ́fà ló wà níbẹ̀ fún orúkọ mẹ́fà. Ọkọ mi ti kú, a kò bímọ, àbúrò mi kan ṣoṣo ti ṣáájú mi lọ. Mo kọ orúkọ kan, mo sì fa igi sí ìlà márùn-ún tó kù. Ìyá alágbàfọ̀ ti ṣèlérí pé òun máa fi ọwọ́ ara òun mú lẹ́tà yìí wá fún yín lónìí. Ọjọ́rú méjì ló kù: ọ̀túnla, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ mi máa wá ní méjèèjì, ní aago mẹ́wàá. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ ṣeun tí ẹ farabalẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Atẹ̀wé,
Atẹ̀wé Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì,
Olùgbé Yàrá Kọkàndínlógún.