Ohun Tí Ìyá Rẹ Bi Àwọn Òyìnbó Tó Ń Ra Kòkó

Ofosu, Ìdànrè,
Ìpínlẹ̀ Òǹdó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Olúwatóyọ̀sí, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò pọ̀ jù? Àlàáfíà ni àwa wà, ìjọ ò sì yéé fi orúkọ rẹ sínú àdúrà.

Ìyá rẹ ló mú mi kọ̀wé. Àwọn òyìnbó tó ń ra kòkó wa wá ṣèpàdé níbí lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní igbó tí wọ́n ń gé ń ba ojú ọjọ́ ayé jẹ́, nítorí náà àwọn ò ní ra kòkó ẹni tí kò bá ní ìwé ilẹ̀ tó fi hàn pé oko rẹ̀ kì í ṣe igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé mọ́. O mọ̀ pé àwa tá a wá láti Ìkirè, tá à ń dáko pín pẹ̀lú onílẹ̀, a ò ní ìwé kankan. Mo ti ń ro ibi tá a máa kó lọ.

Ni ìyá rẹ bá dìde. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Gbogbo àwa tá a jókòó síbí, ọ̀kadà mẹ́ta péré la ní. Èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ ta ló ti pọ̀ jù?"

Nígbà tí ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ tán, obìnrin tó ṣáájú wọn wolẹ̀. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ wa ni."

Ìyá rẹ ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sòótọ́. A ò kọ̀ láti dá igbó sí. Àmọ́ ṣé àwa tí èéfín wa kéré jù lẹ máa kọ́kọ́ lé kúrò lọ́jà?"

Ó wá kó wọn lọ sóko. Ó fi àwọn igi arère tí kò jẹ́ kí n gé láti ọdún mọ́kànlá hàn wọ́n, àti kòkó tí òjò àìlásìkò sọ di dúdú lórí igi. Tóyọ̀sí, àìmọye ìgbà ni mo ti bá a jà lórí àwọn igi yẹn! Ojú tì mí, inú mi sì dùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé wọn dé. Wọ́n á wọn oko wa fúnra wọn, wọ́n á sì kọ orúkọ àwa tá à ń dáko mọ́ ti onílẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n lè máa ra kòkó wa. Bàbá Olúsànmí, onílẹ̀ wa, ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èéfín ilé iṣẹ́ ìlú wọn, wọ́n ní ó ju agbára àwọn lọ.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń bá ìyá rẹ jẹun pọ̀, mi ò mọ̀ pé ó tó báyìí.

Olúwa á ṣọ́ ọ, á ṣílẹ̀kùn ire fún ọ, wàá sì fayọ̀ bọ̀ wálé.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Matthias.

Àfikún: Wọ́n ti pe ìyá rẹ sípàdé kan ní Àkúrẹ́, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mélòó kan ń bọ̀ níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ lọ sọ. Ó ní, "Bó bá ju agbára àwọn tó wá lọ, kí wọ́n mú ẹni tí agbára rẹ̀ ká a wá."